Mo Dé Ẹnu Ọ̀nà Ìpàdé Lẹ́ẹ̀mejì, Mo Sá Padà

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, ọtí ni wàhálà mi. Kì í ṣe pé mò ń ṣubú sí gọ́tà o, mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń gbọ́ bùkátà ilé, àmọ́ láàárọ̀ kí n tó fọ ẹnu, ọwọ́ mi á ti máa gbọ̀n, àfi kí n gbé ife kan sọ́nà ọ̀fun kó tó dúró. Ìyàwó mi sọ̀rọ̀ títí, ó wá dákẹ́, dídákẹ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti fi ọtí sílẹ̀. Mo rí ọ̀kan, mo dé ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀mejì, mo yí padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹnìkan máa dá mi mọ̀, wọ́n á tún ní kí n dìde kí n rojọ́ ayé mi. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ìpàdé á dúró ná, ọwọ́ tó ń gbọ̀n láàárọ̀ yẹn ni kó o kọ́kọ́ gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Má dédé já ọtí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan o! Ẹni tí ọtí ti mọ́ lára lójoojúmọ́, tó bá dáwọ́ dúró lójijì, gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ 2 àkọ́kọ́, àwọn míì á máa rí ohun tí ò sí níbẹ̀, wọ́n á máa sọ kántankàntan, ó sì ń pa èèyàn. Dókítà ní oògùn tí wọ́n fi ń ran ara lọ́wọ́ láti fi ọtí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iye tó ò ń mu gan-an ni kó o sọ fún un, má pín in sí méjì, torí gbogbo yín lẹ máa ń pín in sí méjì.

Ó yá, ìpàdé. Èyí táyé mọ̀ jù ni Alcoholics Anonymous, AA ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1935 ló bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Akron, ní Ohio, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Bill Wilson ti fi ọtí sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó bá òwò lọ síbẹ̀, òwò ò bọ́ sí i, ó wá ku òun nìkan ní òtẹ́ẹ̀lì, ni òǹgbẹ ọtí bá gbé e. Kò wá ẹni tó máa wàásù fún un o, ọ̀mùtí bíi tiẹ̀ ló ń wá, ó ń pe fóònù kiri títí wọ́n fi mú un mọ Bob Smith, dókítà oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ti ń ba tiẹ̀ náà jẹ́. Ṣé o rí i báyìí? Ẹni tó ti dáwọ́ dúró ló ń wá ẹni tó ṣì ń mu, kóun náà má bàa padà sídìí ẹ̀. O rò pé àánú lo fẹ́ lọ tọrọ, àmọ́ àwọn tó wà nínú yàrá yẹn ń wá ẹ lójú méjèèjì.

Mo ti jókòó sírú ẹ̀ rí, mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ. Ìpàdé tẹbítọ̀rẹ́ lè wọ̀ ni, torí èyí tó jẹ́ tàwọn ọlọ́tí nìkan wà lọ́tọ̀, kó o wo èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀ kó o tó lọ. Bàbá kan ló ń bu tíì fáwọn èèyàn, ó bu tèmi kún, ó bu tẹ̀gbọ́n mi dé ìdajì. Inú mi ò dùn, mo rò pé ó ń rẹ́ ẹ jẹ ni. Ìgbà tẹ́gbọ̀n mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife yẹn, tí tíì ń mì nínú ẹ̀ tí ò dà sílẹ̀, ni mo tó mọ ìdí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Kò sẹ́ni tó ní kó rojọ́ náà o. Orúkọ kan péré lo máa sọ, tó bá kàn ẹ́, sọ pé ò ń gbọ́ lásán lónìí, wọ́n á kọjá sí ẹlòmíì. Kò sówó ìforúkọsílẹ̀, wọ́n lè gbé igbá kiri fún owó yàrá, jẹ́ kó kọjá. Ẹni tó bá dá ẹ mọ̀ níbẹ̀, ohun tó gbé ẹ wá ló gbé òun náà wá, àmọ́ èèyàn lèèyàn ń jẹ́, mi ò ní kó o tú gbogbo ikùn ẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹgbẹ́ kan lè má bá ẹ lára mu. Èyí tẹ́gbọ̀n mi kọ́kọ́ lọ, ọkùnrin kan ṣoṣo ló gba gbogbo ọ̀rọ̀ sọ, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló tó dúró sí. Tí ọ̀rọ̀ Agbára Tó Ju Tẹni Lọ, ìyẹn Ọlọ́run bí kálukú ṣe mọ̀ ọ́n, nínú ìgbésẹ̀ 12 tí AA ń tẹ̀ lé ò bá wọ̀ ẹ́ létí, ẹgbẹ́ míì wà tó ń jẹ́ SMART Recovery tí ò dá lé ìyẹn, wọ́n ti wà láti 1994. Àwọn méjèèjì ló ní ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, o lè pa kámẹ́rà ẹ kó o máa gbọ́, ibẹ̀ gan-an ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ èmi ni. Al-Anon, ẹgbẹ́ tàwọn ẹbí àtọ̀rẹ́ ọlọ́tí, sì wà fún ìyàwó ẹ láti 1951, kò dìgbà tí ìwọ bá lọ kóun tó lọ.

Kó o tó padà sẹ́nu ọ̀nà yẹn, pè wọ́n lórí fóònù, sọ fún wọn pé o ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnìkan dúró dè ẹ́ níta. Ẹni tó bá gbé fóònù yẹn, ó ṣeé ṣe kóun náà ti yí padà rí.