Igbe “Free Bird” ní òde eré: kí ló túmọ̀ sí?

Ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé ní Atlanta ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó lọ wo àwọn ọ̀dọ́ olórin kan ní ilé ọtí. Bí wọ́n ṣe parí orin kan, bàbá kan tó ti hewú ké láti ẹ̀yìn pé, “Free Bird!” Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan ń mi orí, olórin sì fajú ro. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá èébú ni igbe náà, bóyá ẹ̀fẹ̀ ni, tàbí orin ni bàbá yẹn fẹ́ gbọ́ lóòótọ́. Ó sì ní ṣé ó burú bí òun náà bá ké e lọ́jọ́ mìíràn.

Orin ni. Ẹgbẹ́ Lynyrd Skynyrd, àwọn ọmọ ìlú Jacksonville ní Florida, ló ni ín, ó sì wà nínú àwo wọn àkọ́kọ́ tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1973. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí igbe náà ti ju ká máa béèrè orin lọ. Láàárín àwọn tó dàgbà pẹ̀lú rọ́ọ̀kì ará gúúsù, ìyẹn orin gìtá tó tú jáde láti Florida, Georgia, Alabama àti àwọn Carolina méjèèjì láàárín ọdún 1969 sí nǹkan bí 1980, ìkíni ni, ìrántí òkú ni, wọ́n sì fi ń dá ara wọn mọ̀. Lẹ́nu àwọn mìíràn, ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Èmi ò gbà pé ẹ̀fẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀. Ojú ọ̀nà ni ẹ̀fẹ̀ ti pàdé rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni Ronnie Van Zant akọrin, pẹ̀lú Gary Rossington àti Allen Collins onígìtá, ṣì wà nígbà tí wọ́n kó ẹgbẹ́ jọ ní 1964. Olùkọ́ eré ìdárayá kan wà nílé-ẹ̀kọ́ girama wọn tó ń jẹ́ Leonard Skinner, tí kì í gba irun gígùn lórí ọmọkùnrin, nítorí òfin ilé-ìwé nìyẹn. Wọ́n lọ́ orúkọ rẹ̀ po, wọ́n sì sọ ọ́ di orúkọ ẹgbẹ́. Inú ahéré kan létí odò nítòsí Green Cove Springs ni wọ́n ti máa ń ṣe ìdánrawò. Páànù ni òrùlé rẹ̀, ooru Florida kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n bá sọ ibẹ̀ ní “Hell House”, ilé ọ̀run àpáàdì. Van Zant kì í gba gbẹ̀fẹ́. Ohun tí àwọn èèyàn ń gbọ́ lórí ìtàgé, inú ooru yẹn ni wọ́n ti tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Collins ló rí ohùn orin náà, Van Zant fi ọ̀rọ̀ sí i. Rossington máa ń sọ ọ́ pé ọ̀rẹ́bìnrin Collins ló bi í pé bí òun bá fibẹ̀ sílẹ̀ lọ́la, ṣé yóò ṣì máa rántí òun, ìbéèrè náà ló sì di ìlà tó ṣí orin. Ọkùnrin tí kò lè dúró sójú kan ló ń dágbére fún obìnrin. Kò sí ikú nínú rẹ̀ rárá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ ló ń rò pé orin òkú ni wọ́n kọ ọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Dùùrù tó ṣí i náà ní ìtàn tirẹ̀. Billy Powell jẹ́ ọmọ tó ń bá wọn ru ẹrù ni. Níbi ijó àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Jacksonville, ó jókòó sídìí dùùrù, ó sì ta àbáwọlé tó ti hun fúnra rẹ̀ fún orin yẹn. Van Zant gbọ́ ọ, ẹnu yà á, wọ́n sì gbé e kúrò nídìí ẹrù wá sórí ìtàgé. Ní ti gìtá tó gba ìdajì orin náà lọ́wọ́ ẹnu, ilé ọtí ló bí i. Léraléra ni wọ́n ń gun ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀fun Van Zant a sì gbẹ. Ó ní kí àwọn onígìtá máa ta á lọ kí òun lè mí. Bí ìsinmi ọ̀fun ṣe di ohun tí àwọn èèyàn ń sanwó wá gbọ́ nìyẹn. Orí àwo, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Wọ́n gé e kù sí bí ìdajì kí rédíò lè gbà á, ó sì gun orí ipò 19 nínú àtẹ Billboard, tó ń to àwọn orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Kò sí olólùfẹ́ gidi kan tó ń ka èyí tí wọ́n gé yẹn sí.

Ibi tí igbe ti di àṣà ni Atlanta níbi tí olùbéèrè wa ń gbé gan-an. Ní oṣù keje 1976, ẹgbẹ́ náà ṣeré fún alẹ́ mẹ́ta ní Fox Theatre tó wà ní Peachtree Street. Wọ́n ti fẹ́ wó gbọ̀ngàn náà, tí wọ́n ṣí ní 1929, kí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè kọ́ ọ́fíìsì síbẹ̀, eré yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n fi wá owó láti gbà á sílẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Wọ́n gba ohùn eré náà sílẹ̀, wọ́n sì fi ṣe àwo méjì pọ̀, “One More from the Road”. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Van Zant béèrè lọ́wọ́ èrò pé orin wo ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Gbogbo ilé dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá mọ lílé àti ègbè kò nílò àlàyé: olórin mọ ìdáhùn kó tó béèrè, èrò mọ̀ pé ó mọ̀, síbẹ̀ wọ́n ní láti ké e kí orin tó lè bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò dé Fox ló ra àwo náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn.

Kì í ṣe Skynyrd ló kọ́kọ́ gbọ́ irú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Allman Brothers Band ni bàbá rọ́ọ̀kì ará gúúsù. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní Jacksonville ní 1969, wọ́n sì fi Macon ní Georgia ṣe ibùjókòó. Nínú àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn Fillmore East ní New York ní oṣù kẹta 1971, ẹ ó gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ké “Whipping Post!” kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ orin náà, tó gba odindi ojú kan àwo. Igbe yẹn rìn jìnnà. Ní 1974, ẹnì kan ké e sí Frank Zappa, olórin Amẹ́ríkà kan, ní Helsinki ní Finland, Zappa kò sì mọ orin náà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó ní kí ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ, wọ́n sì fi sínú àwo ní 1984.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì, òun ló sì jẹ́ kí “Free Bird” borí. Orin Allman kì í rí bákan náà lálẹ́ méjì. Ìdí nìyí tí àwọn olólùfẹ́ wọn fi ń kó ohùn eré jọ láti ọjọ́ dé ọjọ́, tí wọ́n ń jiyàn lórí alẹ́ wo ló dùn jù. Skynyrd kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí Collins ta lánàá ni yóò tún ta lónìí, tí àwọn èrò á máa fi ẹnu kọ gìtá náà lẹ́sẹlẹ́sẹ. Ẹni tó bá ké “Free Bird” ń béèrè ohun tó mọ̀ dájú, tó sì fẹ́ kó wá bó ṣe mọ̀ ọ́n.

Wàyí o, ikú. Duane Allman, onígìtá tó dá ẹgbẹ́ Allman sílẹ̀, kú nínú ìjàǹbá alùpùpù ní Macon ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 1971, ọmọ ọdún 24 ni. Ní oṣù kọkànlá 1972, ìjàǹbá alùpùpù mìíràn ló pa Berry Oakley, ẹni tó ń ta gìtá abẹ́ (bass) fún wọn, ní àdúgbò kan náà, òun náà jẹ́ ọmọ ọdún 24. Inú ibi ìsìnkú Rose Hill ni wọ́n sin wọ́n sí, àwọn èèyàn ṣì ń lọ síbẹ̀. Van Zant a máa ya “Free Bird” sí Duane lórí ìtàgé, níbẹ̀ ni orin ìdágbére obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í di orin òkú.

Lẹ́yìn náà ló wá kan àwọn fúnra wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 1977, ọjọ́ kẹta tí àwo tuntun wọn jáde, wọ́n kúrò ní Greenville ní South Carolina, wọ́n ń lọ sí Baton Rouge. Epo tán nínú bàálù náà lójú òfurufú, ó sì já sínú igbó nítòsí Gillsburg ní Mississippi. Èèyàn 26 ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́fà kú: Ronnie Van Zant, Steve Gaines onígìtá, Cassie Gaines ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbè fún wọn, Dean Kilpatrick tó ń bá wọn ṣètò ìrìn àjò, àti awakọ̀ bàálù méjèèjì. Van Zant kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Iná wà yí àwọn olórin náà ká nínú àwòrán iwájú èèpo àwo tuntun yẹn. Kíá ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá kọjá kí àwọn tó ṣẹ́ kù tó tún jáde pọ̀, ní 1987, pẹ̀lú Johnny Van Zant, àbúrò Ronnie, gẹ́gẹ́ bí akọrin. Nígbà tí wọ́n dé orí “Free Bird”, ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́. Gìtá àti dùùrù nìkan ló ń lọ, àwọn èrò ló sì ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni igbe náà ti gba ìtumọ̀ tó jinlẹ̀ jù. Ọ̀rọ̀ orin náà béèrè bóyá ẹ ó rántí mi, àwọn èrò sì fi ẹnu ara wọn dáhùn.

Ibo wá ni ẹ̀fẹ̀ ti wọlé? Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ké e fún olórin tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú rọ́ọ̀kì rárá. Kevin Matthews, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan ní Chicago, sọ pé òun ló rọ àwọn tó ń gbọ́ òun láti máa lọ ké e níbi eré olórin tí wọ́n kà sí aláìládùn. Ní Chicago náà, ní 1989, wọ́n ké e lu Bill Hicks aláwàdà, ó bínú gidigidi, ohùn rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀. Láti ìgbà náà, olórin tó ń fi gbogbo ọkàn kọ orin tirẹ̀ lè gbọ́ “Free Bird” kó sì mọ̀ pé ohun tí ẹni náà ń sọ ni pé orin rẹ ti sú mi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́ olórin yẹn fi fajú ro. N kò bá a wí.

Nǹkan kan tún wà tí ọmọ Áfíríkà kò gbọ́dọ̀ ṣàìmọ̀. Skynyrd máa ń ta àsíà ńlá Confederate, ti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tó jagun kí oko ẹrú má bàa parí, sẹ́yìn ìtàgé wọn. Ní 2012, Rossington sọ pé àwọn fẹ́ jáwọ́ nínú rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ kan faraya, ó sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Àsíà yẹn ń dun ẹni dúdú, ó sì tọ́ kó dùn ún. Síbẹ̀, blues àwọn ẹni dúdú ni orísun orin náà. Jaimoe, ọ̀kan nínú onílù méjì Allman Brothers láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ Mississippi ni, ẹni dúdú sì ni. Wilson Pickett, akọrin dúdú, wà lára àwọn tí Duane ta gìtá fún kí ẹgbẹ́ tirẹ̀ tó wáyé. Ní Macon, ìyá dúdú kan, Louise Hudson, ló ń bọ́ àwọn ọmọ Allman nílé oúnjẹ H&H nígbà tí wọn kò ní owó. Skynyrd alára kọ orin kan ní 1974 nípa bàbá dúdú kan tó ń ta gìtá, tí ọmọdé funfun kan fẹ́ràn. Ẹ má fi apá kan ìtàn yìí bo èkejì.

Ohun tí àwọn bàbá àti ìyá wọ̀nyẹn ń ṣàárò rẹ̀ kò ju alẹ́ gígùn lọ. Gìtá mẹ́ta tí wọ́n ń tà pọ̀, Van Zant láìwọ bàtà, fìlà rẹ̀ lórí, láítà tí ń jó lọ́wọ́ èèyàn ní gbogbo pápá. Wọ́n ṣì tọ́jú ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ya fún wọn lẹ́nu ọ̀nà. Bí méjì nínú wọn bá pàdé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi ara wọn ni bóyá o rí wọn ṣáájú 1977. Rossington, ẹni ìkẹyìn nínú àwọn tó dá a sílẹ̀ tó ṣì wà nínú ẹgbẹ́, kú ní oṣù kẹta 2023. Àwọn tó kù ṣì ń ṣeré.

Ní ti ìbéèrè kejì: bí ó bá jẹ́ àwọn tó ń kọ orin Skynyrd tàbí irú rẹ̀ ni, tí eré ń lọ sópin, ké e, wọ́n ń retí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń kọ orin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, dákẹ́, pàtẹ́wọ́ fún un. Kó o tó ké e níbikíbi, kọ́kọ́ gbọ́ èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Fox lódindi, má fò ó.