Fọ́tò wo ló yẹ ká lò tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ?

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó Facebook ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Òkè-Fíà, l'Óṣogbo. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí èèyàn máa tọ́jú ọpọlọ rẹ̀, mo sì fi fọ́tò ọkùnrin kan tó máa ń rìn kiri ní Ọláìyá sí i. Àwọn kan ń fi rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wa sì bínú kúrò. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ yọ fọ́tò yẹn lónìí. Ọkùnrin náà kò fún yín láyè, ó sì ní ìyá tàbí àbúrò tó lè rí i lórí fóònù. Ara rẹ̀ lè yá lọ́la, kí fọ́tò yẹn ṣì máa káàkiri.

A máa ń sọ pé wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣeé wò mọ́. Láti kékeré lọ̀rọ̀ yẹn ti wà létí wa, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ló sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ wa lọ́kàn. Ẹni tí kò rí oorun sùn láti oṣù méjì, tí nǹkan ń rìn lórí rẹ̀ bí èèrà, àmọ́ tó ṣì ń ṣí ìsọ̀ rẹ̀ l'Ọ́jà Ọba láràárọ̀, á wò ó, á ní, "Tèmi ò tíì dé ibẹ̀ yẹn." Kò ní wá ìtọ́jú. Irú wọn pọ̀ tó jẹ́ pé ìgbà tí àìsàn ti wọ̀ wọ́n lára tán ni wọ́n ń dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì máa ń dùn mí.

Ẹ yé lo "wèrè" àti "wèrè aláṣọ". Ìjọba pàápàá ti yí ohùn padà: òfin ọdún 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè, òfin ìlera ọpọlọ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Ohun tó ń ṣe èèyàn gan-an ni kí ẹ kọ: kò rí oorun sùn, oúnjẹ ò wù ú, ọdẹ orí ń dà á láàmú. Ìyá yín á kà á, á ní, "Ó ń ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀."

Tí ẹnì kan bá gbẹ̀mí ara rẹ̀, ẹ má sọ ohun tó lò, ẹ má fi fọ́tò rẹ̀ síta, ẹ má sì sọ pé gbèsè ló pa á. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fáwọn oníròyìn, torí ẹni tí irú èrò yẹn wà lọ́kàn rẹ̀ lè ṣe bákan náà.

Ẹ lo fọ́tò èèyàn méjì tó jókòó níwájú ilé, tí ọ̀kan ń gbọ́ tẹnu èkejì, kí wọ́n sì ti gbà fún yín. Kí ẹ kọ ibi ìtọ́jú sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UNIOSUN Teaching Hospital. Tí ẹnì kan bá sọ pé orí òkè ni kí wọ́n gbé aláìsàn lọ, ẹ má bú u. Ẹ dá a lóhùn pé àdúrà kò dí dókítà lọ́wọ́.

Ẹni tó bínú kúrò yẹn, ẹ pè é lórí fóònù, ẹ má kọ ọ́ sí gbangba. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ sọ fún un pé ẹ ti yọ fọ́tò náà. Ẹ má tọpinpin ohun tó ká a lára. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan wà nílé tirẹ̀ náà. Tó bá fẹ́ sọ ọ́, á sọ ọ́.