Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Pánẹ́ẹ̀lì Sólà Tó Ṣeé Ká

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń dáko nítòsí Ṣakí, níbi tí iná ìjọba kò dé. Mo ra pánẹ́ẹ̀lì sólà tó ṣeé ká, tí wọ́n kọ 100 wáàtì sí lára, ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ kan kò tó láti fi kún bátìrì mi, tó jẹ́ 12V, 100Ah. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Ìdáhùn: A kò lè torí èyí pè é ní ayédèrú. Inú ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti wọn 100 wáàtì yẹn, nígbà tí ara pánẹ́ẹ̀lì kò gbóná ju ìwọ̀n 25°C lọ. Nínú oko, níbi tí ooru ti ń dín agbára rẹ̀ kù, nǹkan bíi 70 wáàtì ni ẹ óò máa rí gbà. Bí oòrùn bá mú dáadáa fún wákàtí 5, 350 wáàtì-wákàtí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ 1,200 (ìyẹn 12V lọ́nà 100Ah) ni bátìrì yín ń fẹ́ bí ó bá ti tán pátápátá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tẹ́ ẹ sórí páànù gbígbóná. Ẹ gbé e dúró kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì máa yí i tẹ̀lé oòrùn, kí òjìji má bàa bò ó, nítorí pé òjìji ẹ̀ka igi kan ṣoṣo lè gba èyí tó pọ̀ nínú agbára rẹ̀. Nígbà ọ̀yẹ́, ẹ máa fi aṣọ tútù nu eruku rẹ̀. Ẹ má sì so ó mọ́ bátìrì láìsí kọntiróólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná tó ń wọ bátìrì, láàárín, nítorí èyí lè ba bátìrì jẹ́.