Ẹ má jẹ́ kí AI bá yín wá ìkànnì páásípọ́ọ̀tù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa ní Leeds. Mo rí i tí ẹ béèrè pé ọjọ́ tó wà lórí páásípọ́ọ̀tù yín ti fẹ́ pé, pé ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN yín kò bá a mu, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ gbé gbogbo ẹ̀ fún àwọn AI tó ń báni wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń báni ka ìkànnì, tó tún ń báni kọ fọ́ọ̀mù. Ohun tí ojú èmi àti ìyàwó mi rí títí di àìpẹ́ yìí gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, ó máa gùn díẹ̀.

Ìdí tí èèyàn fi ń sá tọ AI lọ kò pamọ́. Fóònù ilé-iṣẹ́ aṣojú wa tí mo ń pè, á dún títí á fi gé, ẹnì kankan kò ní gbé e. Ímeèlì ń lọ, èsì kì í bọ̀. Ìkéde tó yẹ kí wọ́n kọ sórí ìkànnì wọn, wọ́n á ṣe é ní fọ́tò, wọ́n á jù ú sórí Facebook, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa á ti máa fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. AI tó ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í rí ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín lórí WhatsApp, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì ní rí ohun tó wà nínú fọ́tò yẹn. Ó sọ fún mi pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ báyìí. Mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní kùtùkùtù, mo bá ilẹ̀kùn ní títì. Ìsinmi ìjọba Nàìjíríà ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn ló wá ń sọ fún mi lórí fóònù pé wọ́n ti kéde ẹ̀ lórí rédíò láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà. Ṣé ó yẹ kí aráàlú máa fi ẹ̀dùn ọkàn wá ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè kọ ní ìlà méjì?

Ti iye owó náà tún wà ńbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2025, ẹni tó bá ń ṣe páásípọ́ọ̀tù nílé ní Nàìjíríà máa san 100,000 náírà fún olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún 5, àti 200,000 náírà fún olójú-ewé 64 tó ń lo ọdún 10. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, 50,000 àti 100,000 ni wọ́n ń gbà. Ẹ wò ó dáadáa: 100,000 wà nínú ti àtijọ́, ó tún wà nínú ti tuntun, àmọ́ ìwé tó wà fún ti yàtọ̀. Nígbà tí mo ní kí AI bá mi wo iye tí ìyá mi máa san, ńṣe ló po méjèèjì pọ̀, ó sì fi ìdánilójú sọ ọ́ bíi pé òun ló ń gbowó ní kàǹtà. Àwa tí a wà lókè òkun, wọn ò fi kún tiwa nígbà yẹn, dọ́là 150 àti dọ́là 230 ló ṣì jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN: 16,340 náírà ni tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé e sí 28,574 ní 2025, àwọn ìròyìn àtijọ́ tó ní iye ti tẹ́lẹ̀ ṣì kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. AI á béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ bíi Google, á ṣí ojú ewé mélòó kan, á kà á, á sì kó o pọ̀ fún yín. Tí ẹ ò bá béèrè ọjọ́ tí wọ́n kọ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kò ní sọ fún yín pé ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni òun ń kà.

Gbogbo ìyẹn kéré o. Ohun tí mo torí ẹ̀ jókòó kọ èyí ni àwọn alágbàtà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àbúrò ìyàwó mi ní kí AI tó ń lò wá ibi tí wọ́n ti ń tún páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ṣe, kó sì bá òun kọ fọ́ọ̀mù náà tán. (Láti 2025 ni irú AI tó ń ṣí ojú ewé, tó ń tẹ bọ́tìnnì fúnra ẹ̀ yìí ti wọ́pọ̀. Mi ò ní dárúkọ èyí tó lò.) AI náà gbé e lọ sí ìkànnì kan tó ní àwọ̀ ewé àti funfun, tó ní idì pupa àti ẹṣin funfun méjì lókè, tí orúkọ ẹ̀ ní Nigeria àti passport nínú, àmọ́ tí kò parí sí .gov.ng. Ó kọ NIN ọmọ náà sí i, gbogbo nọ́ńbà 11 pérépéré. Ó kọ ọjọ́ ìbí. Ó kọ orúkọ ìdílé ìyá ẹ̀. Ó wá dúró níbi ìsanwó pé kó fi káàdì sí i. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé rí àmì ìjọba, ó san án.

Owó yẹn sún mọ́ owó páásípọ́ọ̀tù fúnra ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ni PDF kan tó ní kó lọ sí ìkànnì ìjọba, kó lọ san owó páásípọ́ọ̀tù níbẹ̀. Báńkì rẹ̀ ní ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ sí ìsanwó náà, àti pé àwọn yẹn ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn máa ṣe, torí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìkànnì wọn, ní lẹ́tà kéékèèké, pé àwọn kì í ṣe ìjọba. Owó lọ. NIN ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn títí dòní, ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Kí ló dé tí AI fi ń yan irú ìkànnì bẹ́ẹ̀? Ìkànnì ìjọba lè lọ́ra, ó lè máà ṣí rárá, àwọn ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Alágbàtà kọ tiẹ̀ ní ìbéèrè àti ìdáhùn, ó fi ọdún tuntun sí àkọlé, ó ń sanwó ìpolówó. AI dà bí àlejò tó sọ̀ sí gáréèjì Ìwó Road, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba báàgì lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, ẹ̀yin ni kí ẹ fún un ní àdírẹ́sì, kì í ṣe òun ló máa wá a fún yín: passport.immigration.gov.ng fún páásípọ́ọ̀tù, nimc.gov.ng fún ọ̀rọ̀ NIN. Ọwọ́ yín ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ìparí àdírẹ́sì náà kí ẹ tó kọ lẹ́tà kan síbẹ̀, kí ẹ tún wò ó nígbà tó bá gbé yín dé ibi ìsanwó.

Ohun míì wà tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Ẹni tó ni ìkànnì lè kọ ọ̀rọ̀ pamọ́ sójú ewé, lẹ́tà funfun lórí funfun, tí ojú èèyàn ò ní rí ṣùgbọ́n tí AI máa kà. Ọ̀rọ̀ náà lè máa pàṣẹ fún AI pé ibí ni ojúlówó, tàbí pé kó kó ohun tí ẹ ti sọ fún un jáde. Wọ́n ń pè é ní prompt injection, àwọn tó ń ṣe AI kò sì tíì rí i yanjú tán. Torí ẹ̀, NIN yín, káàdì yín, páásíwọ̀ọ̀dù ímeèlì yín, ẹ má fún un.

Ó ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe o, mi ò ní kí ẹ sọ ọ́ nù. Tí ẹ bá ń wá nǹkan lórí Google, ẹ kọ site:gov.ng mọ́ ìbéèrè yín, á dín àwọn alágbàtà kù. Ẹ fi Google Alerts, tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ síni tí ohun tuntun bá jáde, ṣọ́ ìròyìn lórí owó páásípọ́ọ̀tù, ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti 2003. Èmi tún máa ń ní kí AI ṣàlàyé ìkéde ìjọba tí èmi fúnra mi bá lẹ̀ fún un, ó ń ṣe ìyẹn dáadáa.

Fọ́tò àti ìka títẹ̀ kò le, ẹ má da ara yín láàmú lórí ẹ̀. NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí ohun tó bá wà lórí ẹ̀ ni wọ́n máa fi wo fọ́ọ̀mù páásípọ́ọ̀tù yín. Ẹ wo orúkọ yín náà níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ nílé máa ń kọ Adesina fún ẹni tó pe ara ẹ̀ ní Adeshina, wọn ò ní béèrè. Wọ́n máa fẹ́ ìwé ẹ̀rí ìbí láti ọ́fíìsì ètò ìkànìyàn, kò sì sí AI tó lè bá yín dúró lórí ìlà níbẹ̀, ẹni yín nílé ló máa ṣe é. Ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ fọkàn balẹ̀, ó máa bọ́ sí i. Ti ìyàwó mi ti jáde, orúkọ ẹ̀ pé. Tí ẹ bá rí àdírẹ́sì kankan tó ń kọ yín lóminú, ẹ lẹ̀ ẹ́ síbí kí ẹ tó mú káàdì jáde, mo máa ń wò ó lálẹ́ tí àwọn ọmọ bá ti sùn.