Èsì: Ẹṣin tó kọ̀ tí ò tẹ̀lé ẹ

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. O ní kóòṣì ẹ ń fi ẹṣin kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń darí èèyàn, pé ẹṣin náà kọ̀ láti tẹ̀lé ẹ, o wá ń bẹ̀rù pé o ò lè ṣe ọ̀gá. Pé ẹṣin tí kóòṣì ẹ ní kó o fà dúró gbagidi ní Ìkòyí, kò sọ pé o ò lè darí àwọn èèyàn ẹ ní ọ́fíìsì rárá. Ìwọ lo kọjú sí i tó o wá ń fa okùn, ẹṣin tí wọ́n bá dojú kọ tí wọ́n tún ń fà, dídúró ló máa dúró. Ẹran tí ẹranko ńlá ń pa jẹ ni ẹṣin látilẹ̀wá, torí ẹ̀ ló ṣe máa ń wo èjìká èèyàn, ẹsẹ̀ ẹ̀ àti bó ṣe ń mí, tí ẹnu ẹ bá ní "ó yá" tí àyà ẹ sì ń já, àyà yẹn ló máa gbọ́.

Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ẹ̀ lápá òsì, dẹ okùn díẹ̀ (má wé e mọ́ ọwọ́ o!), mí síta dáadáa, wo ibi tó o ń lọ, kó o wá rìn. Tó bá gbé ẹsẹ̀ kan péré, tún dẹ okùn lójú ẹsẹ̀.

Àmọ́ ẹṣin tí ara ẹ̀ yá, tó ti sinmi, ni mò ń sọ. Èyí tó ti ń gbé èèyàn káàkiri etíkun Elegushi nínú oòrùn látàárọ̀, tí ò bá rìn, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, kì í ṣe ìwà ẹ ló ń fi hàn ẹ́. Tó bá sì pa etí méjèèjì dé sẹ́yìn, yéé sún mọ́ ọn.

O ò nílò láti gùn ún. EAGALA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ẹṣin kọ́ èèyàn tí wọ́n sì fi ń tọ́jú ọkàn èèyàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe tiwọn.

Kó o tó san owó míì, bi kóòṣì ẹ bóyá ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin yẹn máa wà níbẹ̀. Tó bá ní rárá, má lọ.