Ìgbì ń jà lókè, kí ló kan páìpù tí a bò mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ òkun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mí, iṣẹ́ páìpù ni mò ń ṣe. Wọ́n pe èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi sí etí òkun ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, ká wá bo páìpù gáàsì mọ́ abẹ́ yanrìn níbi tí omi ti jìn tó mítà 10. Ọ̀gá ibẹ̀ ní ìgbì lè hú u jáde. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, àbúrò. Lẹ́bàá àpáta Olósùnta nílé yín, wàhálà yín ni pé ilẹ̀ le jù. Ẹ bá lè gbẹ́ ẹ, iṣẹ́ ti parí. Ní ìsàlẹ̀ òkun, omi ló kún àárín hóró yanrìn, gbogbo ìgbì tó bá sì kọjá ló ń kan omi náà lára.

Ẹ mú ìgbì tó ga ní mítà 2, tí òmíràn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 12. Nínú omi mítà 10 yẹn, bí orí ìgbì bá dé, ohun tó ń tẹ ilẹ̀ yóò fi bíi kílò 880 lé sí i lórí mítà kan níbùú lóròó. Bí kòtò ìgbì bá dé, yóò dín tó bẹ́ẹ̀. Ìtẹ̀ orí ilẹ̀ á dín lójijì, ti inú yanrìn ò sì tètè dín, ni omi inú lọ́hùn-ún bá ń ti hóró yanrìn sókè. Èyí ò ju òkè ilẹ̀ lọ, kì í sì í pẹ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ti ìjì tó jà fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ẹ bá ń mi àpò gàrí, ṣebí á ki, á sì wálẹ̀? Yanrìn kíkúnná tí kò ki náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó wà láàárín rẹ̀ ò tètè ríbi gbà jáde. Ìtẹ̀ á máa gorí ara wọn títí omi á fi gba ẹrù hóró yanrìn rù, ilẹ̀ á wá máa ṣàn. Páìpù tó fúyẹ́ á léfòó, èyí tó wúwo á rì. Ní 1969, nígbà tí ìjì Camille jà ní Gulf of Mexico, ìgbì mú kí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun lẹ́nu odò Mississippi ní Amẹ́ríkà yọ̀, ó sì wó pèpéle tí wọ́n fi ń wa epo.

Nítorí náà, ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ kí ẹ tó gba owó ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ yanrìn kíkúnná tí kò ki, ẹ má fi èyí tí ẹ gbẹ́ jáde bò ó padà; òkúta wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, torí omi á tètè gba inú rẹ̀ jáde. Ẹ fi kọnkéré wé páìpù náà, kí ẹ sì ṣírò ìwúwo rẹ̀ nígbà tó ṣófo. Omi òkun nìkan kọ́ lẹ ó fi ìwúwo náà wé o: yanrìn tó ń ṣàn lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 2 ní mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga.