Àkọlé PDF mi ń dà rú, kí ni mo ṣì ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kétu ni mo wà, mò ń fi PHP ṣe ìwé ẹ̀rí òmìnira fáwọn ọmọ iṣẹ́ télọ̀. tFPDF, àkójọ kóòdù tó ń bá PHP ṣe PDF, ni mo lò, ọ̀rọ̀ ojú ìwé ń jáde dáadáa tàmì tàmì, àmọ́ tí mo bá ṣí i nínú Chrome, lókè níbi tó yẹ kó kọ "Ìwé Ẹ̀rí Òmìnira", Ã© àti áº¸ ló kún bẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú kóòdù ẹ. Fọ́ǹtì tó o gbé wọlé ló ń bá ẹ kọ ẹ àti ọ sójú ìwé, àkọlé ní tiẹ̀ ò mọ fọ́ǹtì kankan, ibì kan lọ́tọ̀ nínú fáìlì ló ń gbé, òun àti orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Tó ò bá wá sọ fún SetTitle, àṣẹ tó ń fi àkọlé sí fáìlì, pé UTF-8 (ọ̀nà ìkọ̀wé tí lẹ́tà kan ti lè gba ju báìtì kan lọ) lo fi kọ̀wé, ISO-8859-1 ló máa kà á sí, níbi tí báìtì kan ti jẹ́ lẹ́tà kan. Bẹ́ẹ̀ é yẹn báìtì méjì ni, Ẹ jẹ́ mẹ́ta, ó wá ń ka báìtì kọ̀ọ̀kan bíi lẹ́tà ọ̀tọ̀, ibẹ̀ ni Ã© ti wá. Fi true sí i:

$pdf->SetTitle("Ìwé Ẹ̀rí Òmìnira - ".$oruko, true);

Mo fi orúkọ ọmọ náà sí i kó o lè mọ tẹni tó o ṣí tí wọ́n bá pọ̀. Fáìlì PHP fúnra ẹ náà, UTF-8 ni kó o fi pa á mọ́ o.

SetSubject àti SetKeywords, bákan náà ni. Ti SetAuthor, tó ń kọ orúkọ ẹni tó ni ìwé, ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí jọ̀ọ́. Wọ́n gbé irú ìwé ẹ̀rí yìí wá bá mi l'Ájàṣẹ́ níbí, mo wo inú ẹ̀, orúkọ ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí ló wà ní Author, ẹni tó ṣe é kó kóòdù ẹlòmíì ni kò sì yí i padà. Ìyá tó fọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ níṣẹ́, ó dùn mí gan-an. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn ni kó o kọ síbẹ̀.

Adobe Reader lè máa gbé orúkọ fáìlì jáde dípò àkọlé, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé o ṣì í, ètò kan nínú PDF tó ń jẹ́ DisplayDocTitle ló ń yí i, TCPDF, àkójọ kóòdù mìíràn fún PDF, ní in nínú setViewerPreferences.

Tó o bá ṣe tán, kọ pdfinfo, àṣẹ tó ń fi àkọlé àti orúkọ inú PDF hàn, àti orúkọ fáìlì náà sínú tẹ́mínà, tí Title bá jáde pẹ̀lú gbogbo àmì ẹ̀, máa fi ránṣẹ́ sí wọn.